Wọ́n Fi Mí Pe Olùrà Ilé Eré ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ará Ṣakí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó le jù nínú ìrìn-àjò náà, kí ẹ má baà rò pé ẹja nìkan ni mo lọ jẹ. Obìnrin aránṣọ kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lórí ìtàgé ilé eré àtijọ́ kan. Ó kù díẹ̀ kí kámẹ́rà mi lé e jáde níbẹ̀. Èmi àti ẹ̀ kò jà. A ò mọ ara wa rí. Fọ́tò àjà ilé ni mo lọ yà.

Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí àgbàlagbà yóò fi gbéra nílé lọ ya àjà ilé onílé. Ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti kàwé tí mo sì jókòó sí, mo wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń wá inú àwọn ilé eré àtijọ́ kiri: ilé tí àwọn òṣèré ti ń ṣeré láyé àwọn bàbá wa, àti èyí tí wọ́n ti ń fi sinimá hàn. À ń ya inú wọn kí wọ́n tó wó. Iṣẹ́ náà dára. Àwa tí à ń ṣe é ni ìṣòro ibẹ̀. A máa ń mu tíì tí kò ní ṣúgà, a ó di ojú, a ó sì sọ pé ògiri ń bá wa sọ̀rọ̀. Mo ti dúró níwájú ògiri púpọ̀. Kò sí ọ̀kan tó kí mi rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí alága wa ní ilé eré méjì ṣì wà lọ́hùn-ún, ọ̀kan ní Ìkòròdú, èkejì ní Ẹ̀pẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ya inú wọn, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo fẹ́ kí orúkọ mi wà lábẹ́ fọ́tò náà. Kò sí ohun mìíràn.

Ìkòròdú

Mo ti máa ń rò pé Ìkòròdú jẹ́ ìlú kékeré kan tó fẹ̀yìn ti Èkó. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, èmi ni mo kéré. Ilé-iṣẹ́ ń kùn lápá kan, ọjà ń hó lápá kejì, gbogbo ènìyàn sì ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbì kan. Mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Ó fi Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti èdè ìlú wọn dá mi lóhùn nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. "Ọwọ́ òsì" nìkan ni mo gbọ́, mo bá yà sí òsì.

Ilé sinimá náà ṣì wà lóòótọ́. Ìjọ ló ti dà. Arábìnrin kan tó gbé ribọ́nnì pupa kọ́ èjìká wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni pé àná la jọ pínyà.

"Ẹ káàbọ̀ sínú ilé Olúwa, sà. Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n fọ́tò ni mo..."

"Ẹ yin Olúwa!" Ó ti di ọwọ́ mi mú. Ìlà iwájú pátápátá ló fi mí jókòó sí, níbi tí èèyàn kò ti lè dọ́gbọ́n sá.

Ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Pásítọ̀ ní kí àwọn àlejò dìde. Èmi nìkan ni àwọn àlejò. Wọ́n kọrin fún mi, wọ́n juwọ́ sí mi, ìyá kan sì gbá mi mọ́ra bí ẹni tó ti ojú ogun bọ̀. Wọ́n gbé gbohùngbohùn sí mi lẹ́nu pé kí n sọ ohun tó gbé mi wá. Mo ní fọ́tò ni mo wá yà.

"Ẹ gbọ́!" Pásítọ̀ pariwo. "Arákùnrin wa ti gbé ẹ̀bùn rẹ̀ wá fún Olúwa!"

Bí mo ṣe di ayàwòrán ìjọ nìyẹn. Mo ya akọrin. Mo ya àwọn tí ẹ̀mí gbé ṣubú, mo ya àwọn tó ń gbé wọn dìde. Mo ya Pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, Pásítọ̀ ní ojú òun kò là nínú ti àkọ́kọ́, mo tún un yà. Inú ilé tí mo wá wò ńkọ́? Wọ́n ti fi sílíìnì onírọ́bà funfun bo àjà rẹ̀, wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì bo ilẹ̀, wọ́n ta aṣọ elésè àlùkò bo ògiri. Ohun àtijọ́ kan ṣoṣo tó kù níbẹ̀ ni ariwo tí àga ń pa nígbà tí èèyàn bá jókòó lé e. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n fún mi ní ìrẹsì àti mínírà tútù, wọ́n gba nọ́ńbà mi. Arábìnrin yẹn ṣì ń pè mí, ó ń béèrè ìdí tí n kò fi wá mọ́. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí n kò sọ.

Ó wá ku Ẹ̀pẹ́.

Lójú omi

Ní Ìpakodo, èbúté Ìkòròdú, ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwa ará òkè, omi tí a mọ̀ dáadáa ni èyí tó wà nínú ìkòkò. Wọ́n fún mi ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, mo so ó mọ́ra le débi pé n kò rí èémí mí. Obìnrin Ìlàjẹ kan jókòó tì mí, Bíbélì wà lórí itan rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó jókòó sí pálọ̀ rẹ̀. Ó béèrè iṣẹ́ mi.

"Mo ń ya fọ́tò inú ilé, mà."

"Ilé yín?"

"Rárá, mà."

"Ilé ta ni?"

"N kò mọ̀ wọ́n."

Ó wò mí, ó wo kámẹ́rà, ó sì gbé báàgì rẹ̀ sí òdìkejì. Nígbà tó ṣe, àánú mi ṣe é.

"Ṣé àwọn onílé ló ń pè yín?"

"Wọn kì í pè wá, mà. Àwa la máa ń wá wọn lọ."

"Jésù," ni ó sọ, ó sì ṣí Bíbélì rẹ̀.

A yà ní Èjìnrìn, ebi sì ti ń pa mí. Wọ́n gbé abọ́ kan wá, nǹkan tó wà nínú rẹ̀ pupa díẹ̀, ó rọ̀, ẹja sì yọ orí síta láàárín rẹ̀. Mo dúró. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ gbé ọbẹ̀ wá.

"Ọbẹ̀ wà nínú ẹ̀," ni obìnrin tó gbé e wá wí.

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Oúnjẹ náà wà nínú ẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ni. Ẹ̀yin ẹ sáà jẹ ẹ́."

Ewùrà ni wọ́n rin, wọ́n sì sè é mọ́ ata, epo àti ẹja. Ní Ṣakí, oúnjẹ wà lọ́tọ̀, ọbẹ̀ wà lọ́tọ̀, èèyàn sì mọ ibi tí òun dúró. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún béèrè òmíràn, síbẹ̀ n kò lè sọ bóyá ọbẹ̀ ni mo jẹ yó ni àbí oúnjẹ.

Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀pẹ́ ní òórùn tirẹ̀: omi, èéfín, ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ máa ń wo àlejò lójú kòrókòró, wọ́n á sì kí i dáadáa kí wọ́n tó bi í pé ta ni. Èdè wọn sún mọ́ tiwa débi tí mo fi rò pé mo gbọ́ ọ, ó sì jìnnà débi tí mo fi ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì.

N kò ní dárúkọ àdúgbò tí ilé eré náà wà, mo sì ti yí orúkọ àwọn ará ibẹ̀ padà. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú. Wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri iwájú pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Gbogbo wa la mọ irú àkọlé bẹ́ẹ̀, ó kún ìgboro, n kò kà á sí. Mo ní lẹ́tà rẹ̀ dára, mo yà á. Mo wọlé.

Inú ibẹ̀ ṣú, ó sì tutù. Nígbà tí òkùnkùn náà mọ́ mi lójú, n kò lè pa ẹnu dé. Àga onípákó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ títí dé ẹsẹ̀ ìtàgé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sọ ẹsẹ̀ nù. Lókè lẹ́yìn, ihò kékeré méjì wà níbi tí iná sinimá ti máa ń jáde. Òrùlé yàrá tó wà lẹ́yìn wọn ti ṣí lọ, oòrùn wá ń gba ihò méjèèjì wọlé, ó nà gbọọrọ kọjá lórí àwọn àga. Àdán ń sùn lórí igi àjà. Aṣọ ńlá kan ṣì so rọ̀ lẹ́yìn ìtàgé. Ẹnìkan ti kun ààfin ọba sára rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ̀gùn tí kò débì kankan. Níwájú ààfin yìí ni maṣíìnì ìránṣọ mẹ́ta wà pẹ̀lú òkìtì aṣọ iléèwé, búlúù àti funfun, oòrùn inú ihò náà sì bọ́ sórí maṣíìnì àárín gẹ́lẹ́.

Obìnrin tó jókòó sídìí rẹ̀ dìde. Ìyá Rìsì ni wọ́n ń pè é. Ó lè bí mi dáadáa, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ ń bọ̀?"

Alága wa ti ní òun yóò bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí n tó dé. "Èmi ni, mà," ni mo wí.

"Ó dáa. Ẹ wọlé." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Bó ṣe ń fi "ẹ" pè mí yẹn, mo ní àwọn ará Ẹ̀pẹ́ mà mọ ọ̀wọ̀ o.

Ẹgbẹ́ wa ní òfin kan: a gbọ́dọ̀ wọn inú ilé láti ẹnu ìtàgé dé ìlà àga ìkẹyìn, kí a lè kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò kí ó dà bí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé. Mo yọ téèpù.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi di ẹnu rẹ̀ mú."

Ó dì í mú. A wọn òró, a wọn ìbú. Nígbà tí mo padà sídìí kámẹ́rà, mo rí i pé ó ti ń ká aṣọ iléèwé sínú àpò, ó sì ń yọ bẹ́líìtì maṣíìnì àkọ́kọ́. Mo rò pé ó ń tún ìtàgé ṣe fún fọ́tò ni.

"Ẹ ṣé gan-an, mà," ni mo wí. "Ó ti dára báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti àárín yẹn sílẹ̀ díẹ̀, ó wù mí."

Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "Maṣíìnì yẹn, èmi ni mo ni ín o, sà," ni ó wí. "Kò sí lára ilé."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Àwọn ọmọ onílé

Ẹni tó kọ́ ilé eré náà ti kú. Ó bí àwọn ọmọ lọ́dọ̀ ìyàwó méjì. Alhaji Mùfú ni àgbà lápá kan, Alhaja Sàlámọ̀ ni àgbà lápá kejì, òun sì ni ó dàgbà jù nínú gbogbo wọn. Kí n tó mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀, Alhaji ti wọlé pẹ̀lú fìlà ńlá àti ìgò mọ́ọ̀tì tútù méjì.

"Ẹnjiníà! Ẹ ò tiẹ̀ pè mí kí ẹ tó wọlé!"

Wọ́n ti pè mí ní Arákùnrin ní Ìkòròdú, mo ní ó ṣeé ṣe kí Ẹnjiníà jẹ́ ti Ẹ̀pẹ́. Mo gba mọ́ọ̀tì.

"Ẹ má wo òrùlé yẹn o," ni Alhaji wí. "Ìpìlẹ̀ ni kí ẹ máa wò."

"Òrùlé gan-an ni mo fẹ́ràn, Alhaji."

"Ẹ fẹ́ràn rẹ̀?"

"Bó ṣe jẹrà yẹn. Ó wọ̀ mí lọ́kàn."

Alhaji fi ojú ẹni tó mọ ọjà í ná wò mí. Ó rò pé mo fẹ́ fi jíjẹrà òrùlé já iye ilé wálẹ̀ ni. Ó ṣì ń wá èsì tó bá a mu nígbà tí Alhaja gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ìborùn rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká.

"Mùfú! Ta lo kó wọ ilé bàbá mi?"

"Bàbá wa, àǹtí mi."

"Bàbá wa, ìwọ nìkan wá ń tà á? O ò rí ohun tí mo kọ síta?"

"Mo rí i. Òun náà rí i, ó tiẹ̀ yà á ní fọ́tò."

Alhaja yíjú sí mi. "O wá ya àkọlé mi kó o lè lọ bá wọn pa á rẹ́! Wo ojú ẹ bí ẹja gbígbẹ!"

Mo la ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n Ìyá Rìsì ti sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ má bá ara yín jà nítorí tèmi. Mo ti ń kó ẹrù mi."

Mo bi í pé ibo ló ń kó o lọ.

"N kò tíì mọ̀. Bàbá wọn ló fi mí sórí ìtàgé yìí. Nígbà tó kú, wọ́n ní kí n ṣì máa jókòó síbẹ̀ títí olùrà yóò fi dé." Ó so ẹnu àpò náà. "Ẹ ti dé."

Ìgbà yẹn ni mo wo téèpù tó wà lọ́wọ́ mi.

Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo ní n kì í ṣe Ẹnjiníà, n kì í ra ilé, n kò tiẹ̀ ní ilé. Mo ní láti Ìbàdàn ni mo ti wá ya àjà. Wọ́n wo ara wọn. Ó jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì jọ kọ̀ láti gbà gbọ́ lọ́jọ́ náà.

"Láti Ìbàdàn," ni Alhaja wí. "Nítorí àdán."

Ìpàdé ẹbí

Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìrun Alásàárì kí gbogbo ẹbí lè gbọ́ tẹnu mi. Orí ìtàgé ni wọ́n gbé mi sí. Àwọn ọmọ ìyá kan jókòó sápá ọ̀tún, àwọn ọmọ ìyá kejì sápá òsì, Ìyá Rìsì sì jókòó lórí àpò aṣọ rẹ̀ lẹ́bàá ògiri, torí pé ibi tí ìpàdé náà bá já sí ni yóò sọ bóyá yóò tú àpò náà tàbí yóò gbé e jáde.

Mo ti kàwé lórí bí a ṣe ń dúró lórí ìtàgé. N kò tíì bá ilé tó kún pàdé rí. Mo sọ̀rọ̀ nípa ìrántí, mo sọ̀rọ̀ nípa àyè, mo ní ibi tí òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé ni ẹ̀mí ìran kan ń gbé. Bàbá kan tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa béèrè pé ta ló kú.

"Ẹ gba kámẹ́rà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀," ni Alhaja wí, "ká wo ohun tó yà."

Wọ́n kóra jọ. Alhaji ń tẹ̀ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan.

"Fẹ́ǹsì dà? Kò ya fẹ́ǹsì."

"Kò ya ojú títì náà."

"Ihò rè é."

"Ibi tí ikán jẹ rè é."

"Ìgbẹ́ àdán rè é. Ìgbẹ́ àdán tún rè é. Ó sún mọ́ ọn dáadáa."

Alhaji yọ fóònù, ó pe nọ́ńbà kan, ó sì jẹ́ kí gbogbo ẹbí máa gbọ́. Ẹnjiníà tí wọn kò tíì fojú kàn rí gbé e ní Èkó, ó ní òun kò tíì kúrò nílé, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun ń bọ̀.

"Olùrà kọ́ lèyí," ni Alhaji wí. Mo mí kanlẹ̀.

"Mo ti mọ ẹni tó jẹ́," ni Alhaja wí. "Ibi tó bàjẹ́ nìkan ló ń wá. Ó fi téèpù wọn ilé. Ó ń sọ Yorùbá tí kò yé èèyàn. Ìjọba ni! Wọ́n fẹ́ wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé wa pé kí wọ́n wó o!"

"Ìjọba?" ni ohùn inú fóònù béèrè. "Alhaji, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn." Ó gé e.

Ariwo sọ. Àwọn ti ọ̀tún àti àwọn ti òsì dìde, wọ́n dà pọ̀, n kò mọ ta ni ọmọ ìyá wo mọ́. Mo ń pariwo pé n kì í ṣe ìjọba, Alhaji ní bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn. Láàárín rẹ̀ ni Alhaja pàtẹ́wọ́.

"Ilé tí èèyàn ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọn kì í ṣàdédé wó o. Ìyá Rìsì, tú ẹrù ẹ."

"Kó tú u kíá," ni Alhaji wí. "Màá rán kafíńtà sí òrùlé yẹn lọ́la. Kò sẹ́ni tó ń ta ilé kankan."

Ìyá Rìsì kò tíì dìde. Ojú mi ló ń wò.

Mo ní káàdì ẹgbẹ́ wa lápò. Fọ́tò mi wà lórí rẹ̀, òǹtẹ̀ alága wà níbẹ̀. Bí mo bá fi hàn wọ́n, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbà pé ayàwòrán kan lásán ni mí, kí Alhaji tún pe Ẹnjiníà padà. Mo gbé ọwọ́ kúrò lápò. Mo ní ó dáa, mo ti gbọ́.

"Pa gbogbo ẹ̀ rẹ́," ni Alhaja wí.

Mo pa wọ́n rẹ́ lójú wọn, Alhaji ń ka orúkọ wọn bí mo ṣe ń pa wọ́n: ihò, ikán, àdán. Ọ̀kan kù, maṣíìnì àárín tí oòrùn bọ́ sórí rẹ̀, tí àtẹ̀gùn ààfin wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò ya irú rẹ̀ rí, kò sì dájú pé n ó tún ya irú rẹ̀ láé. Ọwọ́ mi dúró.

"Ìyẹn náà," ni Alhaji wí.

Mo pa á rẹ́.

Ìyá Rìsì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Kò tíì yí èrò rẹ̀ padà nípa mi. Ó fi ìborùn nu ojú, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó wà nínú má baà gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, tí ẹ bá padà dé ọ́fíìsì, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ilé náà ṣì dára. Pé èèyàn wà níbẹ̀."

"Màá sọ fún wọn, mà."

"Ẹ ó sọ fún wọn?"

"Màá sọ fún wọn."

Alága wa ti yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tí fọ́tò wọn máa wà níbi àfihàn ẹgbẹ́ wa, nítorí n kò mú ọ̀kan bọ̀. Ẹ ò sì ní rí àwòrán kankan lábẹ́ ìwé yìí. N kò ní ọ́fíìsì kankan, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí nìkan ni mo lè jíṣẹ́ náà fún. Ilé náà ṣì dára. Èèyàn wà níbẹ̀.